Ẹni tó ni .com orúkọ wa ń béèrè 1,200 dọ́là: ṣé ká rà á, àbí ká wá orúkọ míì?

Ọmọ Aláró, Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín kí n tó ṣe ohun tí màá kábàámọ̀.

Ìdí aró ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìyá mi ṣì ń rẹ aṣọ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, títí di òní. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tá a jọ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MAPOLY la fẹ́ dá okòwò kan sílẹ̀: ìkànnì tí àwọn tó ń ṣe àdìrẹ níbí á ti máa ta aṣọ fún ẹni tó wà ní Èkó, ní Àbújá tàbí lókè òkun, láìjẹ́ pé alárinà kó èrè wọn lọ. Owó tá a tù jọ ò ju mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ.

A ti mú orúkọ. Mi ò ní kọ ọ́ síbí kí ẹlòmíì má baà sáré lọ rà á, ẹ ṣáà mọ̀ pé "aró" wà nínú ẹ̀. Nígbà tá a wò ó, .com.ng ẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì ìkànnì tó fi .com.ng ti Nàìjíríà parí, ṣì wà nílẹ̀, owó ẹ̀ ò sì wọ́n. Àmọ́ ẹnì kan ti ra .com ẹ̀ sílẹ̀. Kò fi ṣe nǹkan kan, ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé títà ni. 1,200 dọ́là ló ń béèrè. Ìyẹn ju ìdajì gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ wa lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ní bá ò bá ní .com, ẹni tó wà lókè òkun ò ní fọkàn tán wa. Èkejì ní orúkọ kì í ta aṣọ. Èmi wà láàárín wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá a pàdé rí, báwo ni ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ṣe wúwo tó?


Oníwẹ́ẹ̀bù, Pánṣẹ́kẹ́

Àbúrò, ẹ má tíì san kọ́bọ̀.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe wẹ́ẹ̀bù fún àwọn oníṣòwò ní Abẹ́òkúta yìí. Mi ò tíì rí okòwò tí orúkọ nìkan sọ di ńlá. Ohun tí mo ti rí, tó sì ń dùn mí, ni àwọn ọ̀dọ́ tó kó owó ọjà sórí orúkọ, tó wá di pé wọn ò rówó ra ọjà tí orúkọ náà fẹ́ tà.

Ẹ wo àwọn tó ti ṣe é já. Facebook, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, thefacebook.com ló ń jẹ́. 2005 ni wọ́n tó fi 200,000 dọ́là ra facebook.com, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti kún ibẹ̀ nígbà yẹn. Dropbox, táwọn èèyàn ń tọ́jú fáìlì sí, getdropbox.com ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Tesla lo teslamotors.com títí di 2016 kó tó rí tesla.com gbà, Elon Musk fúnra ẹ̀ sì sọ pé mílíọ̀nù 11 dọ́là ló ná àwọn. Nílé wa níbí, Piggybank.ng ni àwọn PiggyVest, táwọn èèyàn ń fowó pamọ́ sí, ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2016. 2019 ni wọ́n yí orúkọ padà. .ng yẹn ò ní kí èèyàn má kówó sí i lọ́wọ́ wọn.

Iṣẹ́ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ gbájú mọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n tó wá orúkọ tó wù wọ́n. Ẹ fi mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn ra aṣọ, ẹ fi ya fọ́tò tó mọ́, ẹ fi sanwó ẹni tó máa gbé ọjà dé ọwọ́ oníbàárà.


Ìyá Ọlọ́fàdà, Láfẹnwá

Lórí owó, mo fara mọ́ ohun tí oníwẹ́ẹ̀bù sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọmọ yìí pé orúkọ ò já mọ́ nǹkan kan, torí orúkọ ti jẹ mí níyà rí.

Ìrẹsì ọ̀fadà ni mò ń tà, èyí tá a ti ṣa òkúta inú ẹ̀, tá a dì sínú ọ̀rá kílò méjì àti kílò márùn-ún. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìkànnì, orúkọ tó wù mí ti lọ. Ẹni tó bá mi ṣe é ní ká má dààmú, ó fi ìlà kékeré sáàárín ọ̀rọ̀, ó sì fi nọ́ńbà 4 dípò "for". Lójú ìwé, ó wuyì. Mo sanwó ìpolówó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí rédíò.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kà á, mo jókòó ti rédíò ní ṣọ́ọ̀bù, inú mi ń dùn. Olóòtú ní: "ọ̀fadà, dáàṣì, fọ́ọ̀, dáàṣì, ọ́ọ̀lù, dọ́ọ̀tì kọ́ọ̀mù." Ọmọ tó ń bá mi tajà mú fóònù ẹ̀, ó ní òun fẹ́ wò ó. Mo bojú wò ó lọ́wọ́ ẹ̀. O-f-a-d-a-d-a-s-h-f-o-r ló ń tẹ̀! Ọmọ tó ń bá mi di ọjà lójoojúmọ́ ni o, ó wà nídìí rédíò kan náà pẹ̀lú mi. Kí wá ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ lójú ọ̀nà Ìbàdàn máa tẹ̀?

Ẹni mẹ́ta péré ló gba ibẹ̀ wọlé rajà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn. Obìnrin kan wá mi kàn lẹ́yìn náà, ó ní òun ti tẹ̀ ẹ́ títí, ó sú òun, òun sì rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì tó lẹ̀ mọ́ra ni mo lò báyìí, kò sí nọ́ńbà, kò sí ìlà, bí mo ṣe ń pè é ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ọmọ mi, ohun tẹ́nu bá lè sọ kí etí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ni kó o wá. Ìyẹn jù .com lọ.


Tíṣà Èdè, Aké

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ọlọ́fàdà wọ̀ mí lára, mo sì fẹ́ fi tiwa kún un, torí ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ò ní.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, lẹ́tà a dé z, nọ́ńbà àti ìlà kékeré nìkan ni àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù ń gbà. Ọ̀nà ti wà báyìí láti fi lẹ́tà alámì forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́nú, kọ̀ǹpútà á yí i padà sí ohun kan tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, tí ojú èèyàn ò lè kà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oníbàárà wo ló máa wá ẹ àti ṣ kiri orí fóònù rẹ̀ kó tó rajà? Nítorí náà, orúkọ Yorùbá tó bá fẹ́ di àdírẹ́sì gbọ́dọ̀ bọ́ àmì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá sì ti bọ́ ọ sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ wo orúkọ ìpínlẹ̀ wa. Láìsí àmì, ogun ni. Ṣé odò Ògùn ni? Ṣé Ògún onírin ni? Ṣé ogun tí wọ́n ń jà ni, àbí ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fọ́mọ? Àwa mọ èyí tó jẹ́ nítorí ó ti pẹ́ létí wa. Okòwò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérasọ ò tíì ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Aláró, ẹ jẹ́ ká wá wo tiyín. Aró tí ẹ ń sọ yẹn, bí àmì bá kúrò lórí rẹ̀, ẹlòmíì lè kà á sí arọ, ẹni tí kò lè rìn. Ẹlòmíì lè kà á sí àrò ìdáná. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sídìí ìkòkò aró ò lè rí i, torí ojú yín ti mọ́ ọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta irè oko fẹ́ fi "oko" bẹ̀rẹ̀ orúkọ tirẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ sójú pátákó láìsí àmì kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kà á sókè. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n kà. Ọjọ́ yẹn ló pa orúkọ náà tì.

Ọ̀rọ̀ ṣ náà ń bẹ. Ìdajì ìlú ń kọ Sola, ìdajì ń kọ Shola, ẹnu kan náà sì ni. Bí ṣ bá wà nínú orúkọ yín, ẹ ní láti ra ti s àti ti sh, kí ẹ darí ọ̀kan sí èkejì. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ rárá. Ó pọ̀ nínú èdè wa.

Ẹ má sì jẹ́ kó gùn. Nígbà tí Henry Townsend dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní ìlú yìí ní 1859, orúkọ tó fún un ni "Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá". Ta ló ń pè é tán? Ìwé Ìròhìn ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Bí orúkọ yín bá gùn, aráyé á gé e, wọ́n sì lè gé e síbi tí kò bá yín lára mu.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ pe èèyàn mẹ́wàá lórí fóònù, kó má jẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Ẹ dárúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ ránṣẹ́ padà sí yín. Cadabra ni Jeff Bezos kọ́kọ́ sọ okòwò rẹ̀ ní 1994. Lọ́yà tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù gbọ́ ọ sí "cadaver", ìyẹn òkú èèyàn. Ó wá yí i padà sí Amazon. Fóònù kan ṣoṣo ló tún gbogbo ẹ̀ ṣe.


Akẹ́kọ̀ọ́, Alábàtà

Mo kí ẹ̀yin àgbà o. Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ àmì yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin Oníwẹ́ẹ̀bù, ẹ ò tíì sọ ewu tó wà nínú kí ẹlòmíì ni .com orúkọ ẹni. Ilé ìtajà ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà, Overstock. Ní 2011 wọ́n fẹ́ kí orúkọ wọn kúrú, wọ́n wá ń polówó O.co. Àwọn èèyàn gbọ́ ọ, wọ́n wọlé lọ tẹ o.com, wọn ò rẹ́nì kankan níbẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ń padà sórí orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tó lówó tó bẹ́ẹ̀ ò bá lè kọ́ ọwọ́ èèyàn kó má tẹ .com, ṣé àwọn ọmọ mẹ́ta láti Ìtòkú á lè ṣe é?

Lójú tèmi, ohun tó wà lórí .com yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Tó bá jẹ́ pé ojú ìwé òfìfo ni, wàhálà ẹ̀ ò pọ̀: ẹni tó ṣìnà á rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀, á padà wá yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ń ta aṣọ níbẹ̀, ẹ sá fún orúkọ náà, torí ẹ̀yin lẹ ó máa polówó, òun lá máa tajà. Ẹ tún rántí ímeèlì: oníbàárà tó bá gbàgbé .ng nígbà tó ń kọ̀wé sí yín, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni .com ni lẹ́tà náà ń lọ, títí kan ohun tó bá wà nínú ẹ̀. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà mí ju gbogbo ẹ̀ lọ, torí owó ni ẹ fẹ́ máa gbà.


Oníwẹ́ẹ̀bù, Pánṣẹ́kẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́, òótọ́ lo sọ, mo gbà. Ti ímeèlì yẹn, ó yẹ kí n ti mẹ́nu bà á.

Kí n wá tún tèmi sọ dáadáa: mi ò ní kí wọ́n má ní .com. Mo ní kí wọ́n má fi ìdajì owó okòwò ra á. Wọ́n lè mú orúkọ tí .com ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, tó jẹ́ owó táṣẹ́rẹ́ lọ́dún. Wọn ò tíì tẹ káàdì kankan, wọn ò tíì lẹ pátákó. Ìsinsìnyí ni yíyí orúkọ padà ò ná wọn ní nǹkan kan.


Bàbá Ìbejì, Ọ̀báńtokò

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ dára, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó lè pa okòwò lọ́jọ́ kan ṣoṣo: lórúkọ ta lẹ rà á?

Mo ní ìkànnì fún iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù mi, mo ti lò ó fún ọdún mẹ́rin, ó wà lára mọ́tò, ó wà lára aṣọ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó bá mi ṣe é ló fi ímeèlì ara ẹ̀ forúkọ sílẹ̀, èmi ò mọ̀, mo kàn ń fi owó ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí àárín wa dàrú lórí owó iṣẹ́ míì, kò gbé fóònù mi mọ́. Owó ọdún tó, kò san án. Gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, inú ímeèlì tiẹ̀ ló ń wọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni oníbàárà kan láti Ìbarà pè mí pé "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ wá ń ta tẹ́tẹ́ báyìí?" Mo ṣí i. Lóòótọ́, ìkànnì tẹ́tẹ́ ni wọ́n ti gbé sórí orúkọ mi. Mo jókòó sínú mọ́tò, mi ò lè wakọ̀. Orúkọ náà wà lára ilẹ̀kùn mọ́tò yẹn gan-an.

Mo wá kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀ lẹ́yìn náà. Tí owó .com bá tó tí ẹ ò san án, ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti rà á lè bá yín dì í mú tó ọjọ́ 45. Lẹ́yìn ìyẹn, ọgbọ̀n ọjọ́ míì wà tẹ́ ẹ ṣì lè rà á padà, àmọ́ owó gọbọi ni. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù lẹ́yìn ẹ̀, ó di ti ẹni tó bá yára jù. Ọ̀pọ̀ tiẹ̀ máa ń gbé e sí gbàǹjo kó tó débẹ̀. Àwọn tó ń dọdẹ orúkọ tí wọ́n gbàgbé pọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun ni.

Ẹ má rò pé àwa kékeré nìkan ló ń ṣe. Microsoft gbàgbé láti san owó passport.com, tí wọ́n ń gbà wọ ímeèlì Hotmail, ní Kérésìmesì 1999, àwọn èèyàn ò lè wọ Hotmail wọn. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn rárá, ló fi 35 dọ́là bá wọn san án. Ní 2015 náà, ẹnì kan ra google.com fún 12 dọ́là, ó sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó gbà á padà.

Ọmọ Aláró, ímeèlì tiyín ni kẹ́ ẹ fi rà á, kó má jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀yin mẹ́ta. Ẹ san ti ọdún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń gbà tó ọdún mẹ́wàá. Kí páswọ́ọ̀dù ẹ̀ wà nínú ìwé kan nílé.


Aránṣọ, Ìbarà

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tiẹ̀ pọn dandan? Orí Instagram àti WhatsApp ni gbogbo wa ti ń tajà ní Abẹ́òkúta yìí. Èmi ò ní ìkànnì, mo sì ń jẹun.


Ìyá Ọlọ́fàdà, Láfẹnwá

Àǹtí Aránṣọ, ẹ máa tà á níbẹ̀ lọ o, èmi náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n jí ojú ìwé Instagram ọmọ àbúrò mi gbé, ẹni tó ń tẹ̀lé e lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, kò rí i gbà padà dòní. Nígbà tó ṣí tuntun, kò sí ọ̀nà tó máa fi sọ fún àwọn ti àtijọ́ pé ibí lòun wà. Ká ní ó ní orúkọ tó jẹ́ tiẹ̀, ibẹ̀ ni wọn ì bá wá a wá. Kódà bí ẹ ò bá kọ́ nǹkan kan sórí ẹ̀, ẹ lè ní kó máa darí èèyàn lọ tààrà sí WhatsApp yín.


Oníwẹ́ẹ̀bù, Pánṣẹ́kẹ́

Nǹkan méjì tó kù. Fífi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, ò fún yín ní dòméènì, ìyẹn orúkọ ìkànnì, bẹ́ẹ̀ ni dòméènì ò fún yín ní orúkọ lọ́dọ̀ CAC. Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn tó ń bójú tó .ng ni NiRA, CAC ò sí níbẹ̀. Àmì ìdánimọ̀ ọjà tún ní ọ́fíìsì tiẹ̀ ní Àbújá. Ọjọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ́ ẹ tó fẹnu kò.

Èkejì: bí ẹ bá ṣì fẹ́ bá ẹni yẹn nájà, ẹ má fi hàn pé ẹ ń kánjú, ẹ má sọ pé ilé-iṣẹ́ ni yín. Iye tó kọ síbẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí ìgbà téèyàn ń ra aṣọ ní Ìtòkú. Ẹ má sì fi owó ránṣẹ́ sí i tààrà. Àwọn onílàjà tó ń di owó mú títí orúkọ á fi dé ọwọ́ yín wà.


Ọmọ Aláró, Ìtòkú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. A ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ.

A pe èèyàn méjìlá lórí fóònù, àwọn oníbàárà ìyá mi tó ń ti Èkó àti Ìlọrin wá. Nínú méjìlá, mẹ́rin péré ló kọ orúkọ wa bó ṣe yẹ. Méjì kọ ọ́ pẹ̀lú h tí kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan béèrè pé ṣé ilé àwọn abirùn la fẹ́ ṣí ni. Tíṣà, mo rántí yín. Ọ̀rẹ́ mi tó ní dandan ni ká ra .com ló kọ́kọ́ sọ pé ká pa orúkọ yẹn tì.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá òmíràn. Lẹ́tà méje ni, kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. A tún pe èèyàn méjìlá míì, mẹ́wàá kọ ọ́ dáadáa. .com ẹ̀ wà nílẹ̀, .com.ng náà wà. A ra méjèèjì, ọdún márùn-ún márùn-ún, pẹ̀lú ímeèlì tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lè ṣí. Bàbá Ìbejì, páswọ́ọ̀dù wà nínú àpótí ìyá mi, lábẹ́ àwọn aṣọ òkè ẹ̀.

Màá gbé àdírẹ́sì náà síbí lọ́jọ́ tá a bá ṣílẹ̀kùn. Ìyá mi ò tiẹ̀ dúró dè wá. Àná ló tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó po ẹ̀kọ láfún, ó mú ìyẹ́ adìyẹ, ó ní kí n kọ orúkọ náà sínú ìwé kóun wò ó. Ó yà á sára aṣọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi tí àmì wà ṣáájú com, ó gbójú sókè, ó ní, "Èyí ńkọ́? Ṣé ó wà lára orúkọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó kán ẹ̀kọ kan síbẹ̀. Ọ̀la ló máa wọ inú aró.